Ẹṣin Tí Kò Mọ Bí A Ti Ń Kọ̀

Nígbà tí mò ń wí yìí, ọkọ mi ṣì wà láyé. Ìyá wa ṣì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń bá gbogbo ẹni tó ń kọjá wí. Alágbẹ̀dẹ tó ń kan bàtà irin mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin wà, Lọ́yà tó ń fi gbogbo ayé rẹ́rìn-ín náà wà. Gbogbo wọn ti lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí èmi náà tó tẹ̀lé wọn.

Àbúrò mi ọkùnrin ń ta páànù, Alápáànù ni wọ́n ń pè é. Nígbà èwe rẹ̀, ó máa ń gun ẹṣin nínú eré ọlọ́gọ́rùn-ún máìlì, èyí tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, tí wọ́n ń parí ní ìrọ̀lẹ́. Olóríkunkun lorúkọ ẹṣin rẹ̀. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, á dúró gbagidi. O lè nà án títí ọwọ́ á fi ro ọ́, kò ní gbé ẹsẹ̀ àfi tó bá sinmi tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi gba ife. Alápáànù gbà pé pàṣán òun ló ṣe é. Kò mọ̀ pé agídí ẹṣin yẹn ló ń kó o yọ.

Ó fi eré náà sílẹ̀ fún ogún ọdún. Owó dé, ikùn yọ, ìgbéraga yọ ju ikùn lọ. Tó o bá dárúkọ Ọlọ́run, á ní ti àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe nìyẹn.

Ó pé ọdún méjìléláàádọ́ta. Lọ́yà, tí wọ́n jọ ń gun ẹṣin láyé ọjọ́sí, wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wo ikùn náà níwájú àwọn oníbàárà.

"Alápáànù, ṣé lóòótọ́ lo gun ẹṣin rí, àbí ẹṣin ló gùn ọ́?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Alápáànù ti ra ẹṣin tuntun, abo pupa kan tí ojú rẹ̀ tutù. Onígbọràn ni wọ́n ń pè é. Tí àbúrò mi bá ti fi ahọ́n dún kọ́-kọ́, ó ti gbéra.

Alágbẹ̀dẹ gbé ẹsẹ̀ ẹṣin náà lé itan, ó ń fi fáìlì irin họ pátákò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, eléyìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀ o. Irú wọn máa ń sáré títí wọ́n á fi kú. Ẹ̀yin lẹ máa bá a mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú pàṣán dání."

"Bàtà ni mo ní kó o kàn, mi ò ní kó o wàásù."

"Ìwàásù náà ò jìnnà. Dókítà ẹranko á gbọ́ àyà ẹṣin yín lójú ọ̀nà. Ta ló ń gbọ́ àyà tiyín? Ẹ wá fi ọkàn yín fún Jésù."

"Jẹ́ kí n gba ife yìí ná, màá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yín. Kí ẹ fi àga sílẹ̀ dè mí!"

Ọjọ́ eré pé. Ibùdó mẹ́ta ló wà lọ́nà. Níbẹ̀ ni dókítà ti ń ka iye ìgbà tí ọkàn ẹṣin ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá sinmi tán tó ṣì ju mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lọ, ó di ilé. Onígbọràn yege nígbà méjì. Ní ibùdó kẹta, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta géérégé ni. Dókítà ká ètè ẹṣin náà sókè.

"Ó yege, ṣùgbọ́n erìgì rẹ̀ ti funfun. Tó bá jẹ́ tèmi ni, màá fà á lọ sílé."

"Ṣé ó yege àbí kò yege?"

"Ó yege."

"Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn."

Ó ku máìlì mẹ́ta, Lọ́yà ń bọ̀ lẹ́yìn. Onígbọràn kọsẹ̀, ó tún kọsẹ̀. Olóríkunkun ì bá ti dúró. Alápáànù fa pàṣán yọ. Ó nà án, ẹṣin sáré. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ nímú rẹ̀, ó ń sáré. Àfi gbì! Ó wó lé àbúrò mi lẹ́sẹ̀, egungun itan fọ́.

Lọ́yà dé ibẹ̀. Kò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Mo wí àbí mi ò wí? Ẹṣin ló gùn ọ́ lónìí!"

Ó kọjá, ó lọ gba ife, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí Alápáànù lè bọ́ lábẹ́ rẹ̀, ó fi ahọ́n dún kọ́-kọ́. Ẹṣin tó ń kú lọ gbé orí. Ó na ẹsẹ̀ iwájú, ó gbìyànjú àtidìde, ó tún wó lé egungun fífọ́ náà. Alápáànù tún pè é. Ó tún dáhùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, orí nìkan ló lè gbé. Ó wo ẹni tó ni ín, ó sì kú.

Odidi wákàtí méjì ló fi wà nínú oòrùn, eṣinṣin ń bà lé ojú òun àti ojú òkú bákan náà. Alágbẹ̀dẹ tí kò rí i kó dé ló wá a lọ.

"Mo pa á," ni Alápáànù wí. "Ó gbọ́ tèmi títí ó fi kú. Èmi ò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni rí."

Alágbẹ̀dẹ kúnlẹ̀ sínú eruku. "Ẹ̀gbọ́n, Ẹnì kan gbọ́ràn dójú ikú nítorí yín. Wọ́n nà án, kò kọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wa ni pàṣán náà. Ṣùgbọ́n Òun jíǹde, Ó sì ń pè yín."

Abẹ́ òkú ẹṣin ni àbúrò mi ti ké pé, "Jésù, ṣàánú mi." Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ọkàn rẹ̀ yè.

Lọ́dún kejì, ó fi ọ̀pá rìn lọ sí ibùdó kẹta, ó gbé omi fún àwọn ẹṣin. Lọ́yà dé.

"Ọ̀rẹ́ mi, mo ti dárí jì ọ́. Dókítà ti gbọ́ àyà ẹṣin rẹ. Àyà tìrẹ ńkọ́?"

"Ẹlẹ́sẹ̀ kan, jẹ́ kí n gba ife kejì ná. Kí ẹ fi àga sílẹ̀ dè mí!"

Ìwọ tó mú ìwé yìí dání, mi ò kàwé púpọ̀, mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti ní kí Ọlọ́run fi àga sílẹ̀ dè ọ́? Má dúró dìgbà tí egungun bá fọ́. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Jésù, kí o tó pa ìwé yìí dé. Ọ̀la tí ò ń wí yẹn, ta ló ṣèlérí rẹ̀ fún ọ?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Lọ́yà wí bẹ́ẹ̀, ẹṣin rẹ̀ wọlé láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Wọ́n bá Lọ́yà lójú ọ̀nà, ó dojú bolẹ̀, kò sí ẹgbò kan lára rẹ̀, pàṣán ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àyà rẹ̀ ló dákẹ́. Dókítà gbọ́ àyà ẹṣin náà, ó kà á. Kò tiẹ̀ pé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

Ẹṣin yege.