Sẹ́ǹtì Bàbá Àgbà

"Ẹ̀rọ ló mì nígbà tó ń tẹ owó ẹyọ yìí," Corinne wí, ó sì ti awò amúǹkantóbi rẹ̀ bọ àpò. "Wò ó, ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà yẹn rí pẹlẹbẹ. Ká ní òǹtẹ̀ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní àléébù ni, igun lẹ́tà á là sí méjì gedegbe. Àléébù òǹtẹ̀ nìkan ló ń sọ owó di iyebíye; èyí ò níláárí, Nola. Gba owó fàdákà mi yìí, kí n gba tìẹ."

Mo gbà. Awò rẹ̀ tóbi ju tèmi lọ, ó sì ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ jù mí lọ. Bí sẹ́ǹtì bàbà tí bàbá mi àgbà fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn, nínú gbọ̀ngàn àwọn panápaná níbi tí àwa olùṣàkójọ owó ẹyọ ti máa ń pàdé.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ìwé ẹ̀rí dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ owó ẹyọ wò: àléébù òǹtẹ̀ ni, ojúlówó. Corinne lẹ ìwé náà mọ́ pátákó gbọ̀ngàn, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó mọ̀! Láti ọjọ́ tó ti fojú kàn án ló ti mọ̀. Mo búra pé n óò gbẹ̀san.

Èèwọ̀ kan wà lágbo wa tí ọmọdé pàápàá mọ̀: a kì í fọ owó. Etí rẹ̀ la fi ń dì í mú. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ ti pa á, iye rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ àfihàn ẹgbẹ́ wa, níbi tí àwọn adájọ́ ti ń yan owó tó dára jù, èmi ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ àpótí dígí tí a to àwọn owó náà sí. Mo mú sẹ́ǹtì náà lọ sí ilé ìtọ̀, mo fún péèsì ìfọyín lé e lórí, mo sì ń fi àtàǹpàkò ha á. "Kú oríire o, Corinne," mo ń sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mọ́ mi. Àwọ̀ pupa-dúdú tó ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ bàbá àgbà ṣí kúrò pátá. Ó ń dán bíi bọ́tìnnì tuntun. Mo dá a padà sáàyè rẹ̀.

Kí àwọn adájọ́ tó bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Stolz, ààrẹ ẹgbẹ́ wa, kan tábìlì.

"Ẹ fetí sílẹ̀. Corinne wá bá mi lọ́jọ́bọ̀, ó ń sunkún. Ó ní òun rẹ́ Nola jẹ. Ó ní kí n dá owó yìí padà fún un lójú gbogbo yín, kí ojú lè ti òun dáadáa. Nola, ọmọ mi, bọ́ síwájú."

Mo bọ́ síwájú. Ọ̀gbẹ́ni Stolz di owó náà mú létí, ó gbé awò sójú. Ó wò ó títí.

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

Corinne súnmọ́ mi, ó ń gbóòórùn. "Nola, ọwọ́ ẹ ń rùn bíi péèsì." Kò rẹ́rìn-ín. Omi ti lé ròrò sí i lójú. "Ò bá kúkú gbá mi létí!"

"Mo rò pé tìẹ ni," ni mo rí sọ.

"Tìẹ ni," Ọ̀gbẹ́ni Stolz wí, ó sì fi í lé mi lọ́wọ́. "Láti ọjọ́bọ̀ ló ti di tìẹ padà."

Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bá. Wọ́n rẹ́ mi jẹ lóòótọ́, mo sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n mo lẹ́nu, mi ò fi sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ni mo lò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ yín, ẹ wí fún un, ẹ wí fún àgbà. Ìbínú kì í da nǹkan fún ni.

Corinne jí owó bàbá àgbà mi, ó sì dá a padà. Èmi ni mo pa á.