Nọ́ńbà Tó Parẹ́ Lára Fáàfù

"Oníbéèrè, má jẹ́ kí fáàfù kankan bọ́ lọ́wọ́ ẹ o!" Àǹtí ló sọ bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń jáde lọ ra wáyà.

Oníbéèrè ni gbogbo ará ilé ń pe ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà, torí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni Àǹtí. Ampilifáyà gìtá ni Àǹtí ń tún ṣe, pàápàá àwọn ti àtijọ́ tó ń lo fáàfù, ìyẹn àwọn ìgò kékeré tí iná máa ń pọ́n nínú wọn, tí ohùn gìtá sì ń gba ara wọn di ńlá. Ká má purọ́, obìnrin náà mọṣẹ́. Á fi ìdí pẹ́ńsù kan fáàfù pẹ́pẹ́, á dẹtí, á ní, "Eléyìí ló ń hó." Kì í tàsé. Láti ọlidé mẹ́ta sẹ́yìn ni Oníbéèrè ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí ọkàn rẹ̀ sì ń fẹ́ ni kí Àǹtí jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ fáàfù. Àǹtí ti ní òun máa gbà fún un lónìí, nínú ampilifáyà Bàbá Onígìtá, tí bàbá náà bá dé ní aago méjì.

Fáàfù kò wọ́pọ̀ lọ́jà mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Àǹtí fi wá a kó tó rí páálí kan rà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rédíò rẹ̀ mọ́. Mẹ́rin péré ló tóbi nínú páálí náà. Méjì bá ampilifáyà Bàbá mu, méjì kò bá a mu, bẹ́ẹ̀ wọ́n jọra bí ìbejì. Nọ́ńbà funfun tí wọ́n tẹ̀ sára ìgò nìkan ni Oníbéèrè fi ń dá wọn mọ̀.

Ó wo eruku ara wọn, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fẹ́ kí wọ́n máa dán kí Bàbá tó dé. Ó rẹ aṣọ sómi, ó sì nu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tinútinú. Wọ́n dán lóòótọ́. Ìgbà tó gbé èyí tó kẹ́yìn sókè ló rí i pé kò sí nọ́ńbà lára rẹ̀. Ó sáré yẹ àwọn mẹ́ta yòókù wò. Kò sí nọ́ńbà. Àwọ̀ funfun díẹ̀ ló kù lára aṣọ tó fi nù wọ́n.

Àìmọye ìgbà ni Àǹtí ti sọ fún un pé fáàfù tí kò bá a mu lè jó inú ampilifáyà, kó má sì ṣe é tún ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́wọ́, ta ló máa jẹ́ kó fọwọ́ kan fáàfù lónìí? Máákà funfun wà lórí tábìlì. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó mú máákà náà, ó sì kọ nọ́ńbà sára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bó ṣe rò pé wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ó kọ ọ́ dáadáa débi pé òun fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Àǹtí àti Bàbá Onígìtá jọ wọlé ni. Bàbá jókòó, ó gbé gìtá lé itan. "Ṣé ó tún máa kọrin báyìí? Ogójì ọdún ni mo ti ń lò ó. Mi ò ní òmíràn o."

"Ó máa kọ ọ́, Bàbá," Àǹtí dáhùn. "Ọmọ mi yìí ló máa fi fáàfù náà sí i."

"Ẹ ò ní kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín?"

"Òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn ti tó fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Oníbéèrè ju èébú lọ. Ó ti mú fáàfù kan dání, ẹsẹ̀ mẹ́jọ tó wà nídìí rẹ̀ ti wà lẹ́nu ihò wọn, ó ku kó tì í. Ó fà á sẹ́yìn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo nu nọ́ńbà wọn kúrò, tí mo tún kọ òmíràn sí i. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́."

Bàbá Onígìtá rọra gbé gìtá rẹ̀ kalẹ̀. Àǹtí ò pariwo. Ó gba fáàfù náà, ó nu máákà kúrò lára rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ẹnu, ó sì mí sí i: "Hàà!" Kùrukùru bo ìgò náà, nọ́ńbà àtijọ́ sì yọ fírífírí nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún parẹ́.

"Yéè! Àǹtí, kí lẹ ṣe sí i?"

"Ìbéèrè ti dé nìyẹn," Àǹtí wí. "Àwọ̀ ẹ̀ ló lọ. Ojú ibi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ṣì wà. Èémí kì í mú níbẹ̀ bó ṣe ń mú níbi tó kù."

Ó mí sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí Oníbéèrè fẹ́ tì wọlé kì í ṣe ti ampilifáyà náà rárá. Bàbá Onígìtá na ọwọ́, ó fi pa ampilifáyà rẹ̀ lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Lónìí, tọ́ọ̀ṣì lo máa bá mi tàn," Àǹtí wí.

Oníbéèrè ń sunkún, ó sì ń tan tọ́ọ̀ṣì. Ó ń wo bí Àǹtí ṣe rọra ti fáàfù méjèèjì wọlé, tí ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá, tó tan iná, tó sì dúró dìgbà tí inú ìgò náà pọ́n. Bàbá ta okùn kan ṣoṣo. Ohùn náà kún inú ṣọ́ọ̀bù, ó móoru, ó sì mọ́ gaara. Bàbá dijú. Oníbéèrè gbàgbé ẹkún rẹ̀. Irú ọwọ́ Àǹtí yìí gan-an ló wù ú.

Nígbà tí Bàbá lọ tán, Àǹtí gbé páálí àwọn fáàfù kéékèèké tó kù síwájú rẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsù àti ìwé pélébé.

"Mí sí wọn, kó o kọ ohun tó o bá rí. Èyí tó ò bá rí nǹkan kan lára ẹ̀, kọ 'mi ò mọ̀' sí i. Kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Èmi náà ti nu nọ́ńbà fáàfù rí, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí sí i. Ṣùgbọ́n tó o bá fi irọ́ bo àṣìṣe ẹ, ẹni tó fẹ́ bá ẹ tún un ṣe ò ní mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ ṣé, Àǹtí."

Oníbéèrè mú èyí tó wà lókè pátápátá, ó mí sí i. Kò rí nǹkan kan. Ó tún mí sí i, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó yí i sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́yìn náà ló mú pẹ́ńsù, ó kọ "mi ò mọ̀", ó sì mú òmíràn.