Orúkọ Tí Màmá Coconut Ń Pè

Dickson kú sínú tírélà rẹ̀ lórí ìlà èbúté Tin Can, lọ́jọ́ kẹrin tó ti tò síbẹ̀. Kò ṣàìsàn. Ẹnikẹ́ni ò lù ú. Wọ́n kan ilẹ̀kùn títí, wọ́n já a, wọ́n bá a níjókòó bí ẹni tó ṣì ń retí kí wọ́n ní kó máa bọ̀.

Kí wọ́n tó gbé òkú dé mọ́ṣúárì, gbogbo àgbàlá rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ ti mọ ẹni tó pa á. Onome, ìyàwó rẹ̀, ló káwọ́ lérí:

"Màmá Coconut ni! Every evening, orúkọ ọkọ mi ló máa ń pè sí ògiri!"

Bẹ́ẹ̀ sì ni o, ó ń pè é. Ohun tó kó Morádéún, ọmọ màmá náà, sí wàhálà nìyẹn. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá rẹ̀ fi ta ẹ̀wà fáwọn awakọ̀ ní ibùdókọ̀ Coconut, tó mọ ẹni tó fẹ́ ata àti ẹni tí kì í jẹ epo. Nísinsìnyí bàtà ló ń gbé kaná. Lọ́dún 2016 yẹn, ilé ìwòsàn kan ní Apapa ń ṣe ìwádìí fáwọn àgbàlagbà tí iyè wọn ń rá. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, nọ́ọ̀sì Bùsáyọ̀ á de bẹ́líìtì rọ́bà mọ́ màmá lórí, á ki fóòmù tútù méjì sábẹ́ rẹ̀, á rán iná bátìrì tí kò tó ti tọ́ọ̀ṣì gba ibẹ̀ kọjá, màmá á sì máa dárúkọ àwòrán. Nílé, ní ìrọ̀lẹ́, á kọjú sógiri kí ojú rẹ̀ má baà máa ṣí kiri, á ka orúkọ ará ilé:

"Dickson. Onome. Dáhùnsí."

Dáhùnsí ni onílé. Nígbà tó gbọ́ pé òun ló ṣe ìkẹta, oorun dá lójú rẹ̀.

"Morádéún! Ìyá ẹ ń jáde lọ́jọ́ Sátidé!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ àmúrelé ni orúkọ tí wọ́n ń pè yẹn."

"Àjẹ́ ń lọ síléèwé?"

"Ọpọlọ wọn ni wọ́n ń tọ́jú, sà."

"Àmì pupa méjì tó wà níwájú orí rẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣáàjì rẹ̀ bíi fóònù!"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹyẹ dúdú kan bà sórí páànù yàrá màmá. Àgbàlá dà rú. Dáhùnsí sọ bàtà lù ú. Ẹyẹ fò lọ, bàtà há sórí òrùlé, onílé fi ẹsẹ̀ kan lásán wọlé. Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá ti ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà màmá á pariwo wọlé: "Ìwọ lo pa Dickson!" Àní ìwọ, fún ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Àwọn ọmọdé fi ṣe orin.

Lọ́jọ́ Fúráìdè, Morádéún lọ bẹ Bùsáyọ̀ wá láti Apapa. Nọ́ọ̀sì de bẹ́líìtì náà mọ́ orí ara rẹ̀, ó tàn án, ó ní kí Dáhùnsí fọwọ́ kàn án. Dáhùnsí ti figbe ta kí ìka rẹ̀ tó débẹ̀.

Bùsáyọ̀ yíjú sí Onome. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n bá nínú ọkọ̀ yẹn?"

"Òjò ń rọ̀. Cold dey catch am. Ó gbé ààrò eléèédú wọlé, ó ti gíláàsì."

"Èédú yẹn ló pa wọ́n, mà. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í rùn, kì í sì í jẹ́ kéèyàn jí."

Onome jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi ni mo di èédú fún un. With my own hand."

Ló bá rá dé iwájú màmá, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ọkàn Morádéún balẹ̀. Ojú ti Dáhùnsí, ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí lójú gbogbo ayé.

"Màmá, ẹ má bínú sí wa. Ẹ fẹnu ara yín sọ fún wọn: ta ló pa Dickson?"

Ojú màmá tàn. Ìbéèrè tó mọ ìdáhùn rẹ̀ rèé!

"Èmi ni! Èmi ni mo pa Dickson!"

Ó ń wo Bùsáyọ̀ lójú, ó ń retí àtẹ́wọ́ tí wọ́n máa ń pa fún un nílé ìwòsàn.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kọ́ wọn lórúkọ ọmọ wọn," ni Bùsáyọ̀ wí, "kò wọlé. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn lèyí, láàárín ọjọ́ márùn-ún!"

Ta ló ń gbọ́? Onome ti dìde nílẹ̀, ó nu ojú. Àtọwọ́ rẹ̀ àtèédú ti bọ́ nínú ẹjọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, Morádéún gbé ẹrù rù, ó fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ilé kẹta tí wọ́n kàn ní yàrá kan tó ṣófo, onílé ibẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, màmá. Kí lorúkọ yín?"

Morádéún yára lanu láti dáhùn. Ìyá rẹ̀ yá jù ú lọ.

"Èmi ni mo pa Dickson."