Kẹ́hìndé Kò Lọ Ra Iyọ̀

"Táíwò, ìwọ náà tún rè é! Iyọ̀ tí o rà lọ́jọ́ ọjà tó kọjá ńkọ́, ṣé odò lo dà á sí ni?"

Àdìjátù oníyọ̀, tí gbogbo ọjà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ń pè ní Ìyá Misturat, ló ń bi í bẹ́ẹ̀. Aṣọ ilé ìwé ló wà lọ́rùn Táíwò. Ọjọ́ ọjà kẹrin rè é tó ń sá kúrò ní kíláàsì wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ oníyọ̀, tí ó ń wo ojú gbogbo ọmọkùnrin tó bá ń kọjá.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà ló gbé e débẹ̀. Nígbà tí ejò bu Kẹ́hìndé, ìkejì rẹ̀, jẹ lóko iṣu lójò èṣí, tí wọ́n sì sin ín, ẹnikẹ́ni kò wí pé ó kú. Wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìbejì, kí èyí tó ṣẹ́kù má baà tẹ̀ lé e. "Kẹ́hìndé lọ ra iyọ̀," ni gbogbo ilé ń wí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Táíwò, ó mọ ibi tí sàréè wà. Síbẹ̀, ẹni tó lọ ra nǹkan, ṣé kì í padà wálé ni? Bó bá sì dárúkọ rẹ̀ nílé, ìyá rẹ̀ á ní, "Ṣe ẹnu rẹ jẹ́ẹ́."

Ìyá Misturat wò ó títí. "Ṣé ẹni tí wọ́n ní ó lọ ra iyọ̀ lò ń dúró dè?"

Omi lé ròrò sójú Táíwò. Oníyọ̀ da aṣọ bo ọjà rẹ̀, ó fà á lọ́wọ́ dìde. "Kò sí níbí, ọmọ mi. Máa bọ̀."

Lẹ́yìn ọjà, lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn obìnrin kan tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ ń bẹ iṣu tí wọn ó fi ṣe èlùbọ́. Ẹni tó bá mú iṣu tuntun ni í sọ̀rọ̀ òkú tirẹ̀ títí iṣu náà á fi tán.

"Èyí tí o mú yẹn tóbi o, Àwáwù. A ò ní sùn síbí!" ni ọ̀kan nínú wọn fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n sọ tèmi! Muhydeen ọkọ mi a máa hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo máa ń bínú nígbà yẹn. Ní báyìí, yàrá tó dákẹ́ ni kì í jẹ́ kí n sùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ọ̀bẹ àti iṣu kan sí Táíwò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ́.

"Kẹ́hìndé kú," ni ó wí. Gbogbo ọ̀bẹ dúró. "Òun ló máa ń gba orí ẹja, á ní òun lẹ̀gbọ́n. Èmi ni wọ́n ń fún báyìí, kò sì ṣe é gbé mì. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, mi ò mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún."

"Táíwò!"

Ìyá rẹ̀ ló dúró lẹ́yìn wọn. Tíṣà ti pè é lórí fóònù pé ọmọ rẹ̀ kò wá ṣe ìdánwò ìṣirò, ló bá wá a kiri títí dé ọjà. Táíwò di ojú, ó ń retí ìgbátí.

"Ìyá Ìbejì, ẹ jókòó," ni Àwáwù wí jẹ́jẹ́.

Obìnrin náà jókòó. Ó mú iṣu kan.

"Kò fẹ́ràn iyọ̀ rárá," ni ó wí. "Kẹ́hìndé mi. Ọbẹ̀ tí mo bá sè, á ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ la wá ní ó lọ ra iyọ̀!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Táíwò láìròtẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n dì mọ́ra wọn, tọ̀bẹ tiṣu.

Òdo ni Táíwò gbà nínú ìṣirò, ó sì ro oko ilé ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ yín, ẹ má ṣe sá kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ yín, ẹ má sì dá a gbé. Ẹ wá àwọn tí ẹ lè sọ ọ́ fún.

Lálẹ́ ọjọ́ ọjà náà, ìyá Táíwò kó gbogbo iyọ̀ tí ọmọ rẹ̀ ti rà pamọ́ sábẹ́ ibùsùn jáde. Ìwọ̀nba bíńtín ló fi sọ́bẹ̀, bí Kẹ́hìndé ṣe máa ń fẹ́ ẹ.