Ìlà Kẹjọ

"Alálàá! Ṣé o ti sùn sókè níbẹ̀ ni?"

Tíntín ló ń pariwo nísàlẹ̀. Ẹni tó bá kàn fojú rí Tíntín kò ní gbà pé inú ara kékeré yẹn ni irú ohùn bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ohùn náà gun àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, ó kọjá lára àwọn ẹyẹlé tó ń tòògbé lójú fèrèsé, ó sì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú yàrá aago, níbi tó ti di ọwọ́ ìyí mú tó sì gbàgbé láti yí i.

Kì í ṣe pé ọmọ náà ń sùn. Eruku ló ń wò. Bó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn máa ń gba ihò kékeré kan lára ògiri wọlé, eruku á sì máa léfòó nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn bíi pé kò sí ohun tó ń kán an lójú láyé. "Kọ́... kọ́... kọ́," ni irin gígùn tó ń fì lábẹ́ aago ń wí. Ìró yẹn ló máa ń gbé e sùn láti kékeré. Orúkọ Alálàá tí wọ́n fún un nílé ìwé kò sì bí i nínú rárá, torí òótọ́ ni.

Bàbá àgbà rẹ̀ ló ń tọ́jú aago ilé gogoro náà, ó ti tó ogójì ọdún. Aago náà kò lo iná, kò sì lo bátìrì. Irin wíwúwo kan tó rí bí odó ni wọ́n so mọ́ wáyà lẹ́yìn rẹ̀. Bí irin yìí bá ṣe ń rọra sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń fa àwọn irin eléyín tó ń yí ọwọ́ aago. Bàbá ti fi ọ̀dà funfun fa ìlà mẹ́jọ sára ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè: ìlà kan, ọjọ́ kan. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń yí irin náà padà sókè, láti ìlà kìíní dé ìlà kẹjọ. Ìyí mẹ́wàá ni ìlà kọ̀ọ̀kan ń gbà, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ àádọ́rin. Ọjọ́ kan tó lé lórí ọ̀sẹ̀ yẹn, Bàbá ní ó wà fún àìsàn tàbí ìgbàgbé.

Orúnkún ló wá yọ Bàbá lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti jẹ́ kí aago dúró lọ́dún náà, torí pé Bàbá kò lè gun òkè lọ yí i. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn fún oṣù mẹ́ta. Ọ́fíìsì ìlú náà sì kọ lẹ́tà tiwọn: bí aago bá tún dúró lẹ́ẹ̀kan péré, wọn yóò yọ ọ́ kúrò, wọn yóò gbé oníbátìrì síbẹ̀, Bàbá yóò sì lọ sinmi nílé. Bàbá kò fẹ́ sinmi. Ló bá kó iṣẹ́ yíyí aago lé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Alálàá!" Tíntín tún ké. "Wọ́n ti dé etí odò! Fíìmù yẹn, òní ni wọ́n ń yà á! Wọ́n ń wá àwọn tó máa rìn kọjá lẹ́yìn òṣèré! Bó o bá pẹ́, mi ò ní dúró dè ọ́ o!"

Alálàá wo irin náà. Ìlà kẹrin ló wà. Ọgbọ̀n ìyí ló ti yí, apá sì ti ń ro ó. Ó rí ara rẹ̀ nínú fíìmù náà, ó ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, atẹ́gùn ń fẹ́ aṣọ rẹ̀, gbogbo ayé ń béèrè ta ni ọmọ yẹn. Ìlà kẹrin, ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn. Ta ló ń lé e? Ó lè padà wá parí rẹ̀ lọ́la. Ó fi ọwọ́ ìyí sílẹ̀, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tó délé lálẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá ń fi ọ̀rá pa orúnkún.

"Ó dé òkè?" Bàbá béèrè.

"Ó dé òkè, sà."

"Ìlà kẹjọ?"

"Ìlà kẹjọ, Bàbá."

"O ṣeun, ìyá mi." Bàbá gba kọ́kọ́rọ́ ilé gogoro lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í kọ́ ìṣó òkè ibùsùn rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

Kí n má parọ́, ọmọ náà fẹ́ padà lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, orí rẹ̀ kún fún fíìmù. Wọ́n ti yà á níbi tó ti ń rìn kọjá, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan sì ni wọ́n yà, ṣùgbọ́n Alálàá kò ka ìyẹn sí. Lọ́jọ́rú, ó rántí nígbà tó ń wẹ̀, ó sì gbàgbé kó tó nu ara tán.

Lọ́jọ́bọ̀, tíṣà físíìsì gbé bíríkì kan wọ kíláàsì. Ó gbé e lé orí tábìlì, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀.

"Ìdánwò yín ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ jẹ́ ká tún èyí yẹ̀ wò. Ṣé bíríkì yìí ní agbára?"

Alálàá ń wo ìta. Láti ibi tó jókòó, ojú aago funfun náà dà bí ohun tó léfòó nínú kùrukùru, tí ilé kankan kò gbé dúró.

"Alálàá, jọ̀ọ́ padà wálé. Kí ni bíríkì yìí ń ṣe?"

"Ó ń sinmi, Mà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. "Kò burú. Ó ń sinmi, àmọ́ agbára wà lára ẹ̀. Ta ló fi síbẹ̀? Èmi ni, nígbà tí mo gbé e kúrò nílẹ̀. Agbára ìpamọ́ nìyẹn, agbára tí nǹkan ní nítorí ibi gíga tó wà." Ó fi ìka kan ti bíríkì náà. Ó já bọ́ sínú àpótí iyanrìn nísàlẹ̀, gbì! Iyanrìn fọ́n sí àwọn tó wà níwájú lára. "Bó ṣe ń bọ̀ yẹn, agbára ìpamọ́ ń dín kù, ó ń di agbára ìrìn, ìyẹn agbára tí nǹkan ní torí pé ó ń lọ. Agbára kì í ṣàdédé wá, kì í sì í ṣàdédé pòórá. Ohun tí mo bá fi sí i náà ni mo máa rí gbà. Bó bá jẹ́ ìdajì gíga yẹn ni mo gbé e dé ńkọ́?"

"Ìdajì agbára ló máa ní, Mà," ni ẹnì kan dáhùn lẹ́yìn.

Alálàá rí irin náà lọ́kàn rẹ̀, ó ń bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fi oorun sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀. Ó ti kọjá ìlà kejì. Ó mọ wákàtí tí yóò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ gan-an.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà: kí ó lọ bá Bàbá, kó ní òun fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́. Bàbá yóò béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá Bàbá lẹ́ẹ̀mẹ́ta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀rù ń bà á, ojú sì ń tì í. Ó ní bóyá aago á ṣe é lóore.

Aago kò mọ oore ṣe. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òun àti Tíntín ń bọ̀ láti ilé ìwé nígbà tí ìró náà dákẹ́. Ẹni tí kò gbé ìlú yẹn kò lè mọ bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ṣe rí. Onígbàjámọ̀ jáde sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́. Oníbúrẹ́dì gbójú sókè. Àwọn ẹyẹlé pàápàá fò jáde. Ọwọ́ aago kò kúrò lórí mẹ́rin.

Bàbá kò tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ dókítà mọ́. Ó gun àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń di ògiri mú, Alálàá sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dókè, irin náà ti jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bàbá gbé ọwọ́ lé e.

"Ọjọ́ kẹrin," ó wí. "Ìyá mi, ìlà kẹjọ lo gbé e dé lọ́jọ́ Ajé, àbí?"

Ó yẹ kó sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là, ó sì gbọ́ tí ẹnu náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá mi orí. "Á jẹ́ pé eyín ìdádúró, irin kékeré tí kì í jẹ́ kí wáyà yí padà, ló ti jẹ, wáyà ti ń yọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ogójì ọdún rèé, aago yìí ò parọ́ fún mi rí. Àmọ́ bí mo bá máa yàn láàárín ọ̀rọ̀ ẹ̀ àti ọ̀rọ̀ rẹ, mo mọ èyí tí màá gbà." Ó fi inú aṣọ rẹ̀ nu orí irin náà bí ìgbà tí èèyàn ń nu ojú ọmọ. "Ó ti gbó. Èmi náà ti gbó."

Alálàá kò lè jẹun lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Ká ní Bàbá bú u ni, ìbá sàn fún un. Bàbá gbà á gbọ́, ìyẹn gan-an ló ń dùn ún bí egbò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, akọ̀wé ìlú wá pẹ̀lú oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan. Ìsinmi tó ṣáájú ìdánwò ni àwọn Alálàá wà, òun ló sì gbé àga tí Bàbá máa fi sinmi sókè. Akọ̀wé náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ti gbìyànjú. Kí lẹ rò pé ó ṣe é?"

"Eyín ìdádúró ti jẹ," ni Bàbá wí. "Ẹ gbé e lọ."

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án!" Alálàá kò mọ ìgbà tó dé iwájú aago. Omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Kò sí nǹkan tó ṣe é. Èmi ni. Ìlà kẹrin ni mo gbé e dé. Mo fẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, mo wá parọ́ fún Bàbá. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi sí i, ọjọ́ mẹ́rin náà ló fún wa. Láti aago mẹ́rin ọjọ́ Ajé dé aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì. Kò jí ìṣẹ́jú kan."

Kò lè wo ojú Bàbá.

"Ọmọ lè fẹ́ fi irú ọ̀rọ̀ báyìí gba bàbá rẹ̀ sílẹ̀," akọ̀wé wí jẹ́jẹ́. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé òótọ́ lò ń sọ?"

Alálàá nu imú. "Ẹ jẹ́ kí n yí i ní ìyí mẹ́wàá péré, Mà. Ìlà kìíní. Agbára ọjọ́ kan nìyẹn. Aago mẹ́sàn-án la wà báyìí. Bí eyín ìdádúró bá ti jẹ, wáyà á yọ̀, aago á dúró kílẹ̀ tó mọ́. Bí kò bá sí nǹkan tó ṣe é, aago mẹ́sàn-án ọ̀la ló máa dúró."

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ wo akọ̀wé, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí mọ́gbọ́n wá o."

Alálàá yí i ní ìyí mẹ́wàá. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ fi ọwọ́ aago sí mẹ́sàn-án, ó ti irin tó ń fì, ìró náà sì bẹ̀rẹ̀. Bàbá kò bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Ó jẹun, ó pa orúnkún, ó kọjú sí ògiri. Alálàá dùbúlẹ̀, ó ń gbọ́ "kọ́... kọ́... kọ́," ó sì ń bẹ irin náà nínú àlá rẹ̀ pé kó má yára, kó má sì falẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo wọn tún wà lókè. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, irin náà ku díẹ̀ kó kanlẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú kan. Eruku ń léfòó nínú oòrùn. Aago lu mẹ́sàn-án, irin náà gúnlẹ̀ láìpariwo, irin gígùn náà fì lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i, ó sì dúró.

Èmi ò tíì gbọ́ ibi tí àwọn èèyàn ti ń yọ̀ torí pé aago kú, àfi ọjọ́ yẹn. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé fa lẹ́tà náà yọ nínú báàgì rẹ̀, ó ya á sí méjì.

Bàbá rọra dìde lórí àga. Ó gbé ọwọ́ lé irin eléyín tó súnmọ́ ọn jù. "Òótọ́ lo sọ fún mi, èmi ni mi ò gbà ọ́ gbọ́," ó wí, aago ló ń bá sọ̀rọ̀. "Má bínú." Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀. "Ó dùn mí, ìyá mi. Mi ò ní tàn ọ́. Àmọ́ o sọ ọ́ níwájú àwọn èèyàn, nígbà tí kò sẹ́ni tó lè mú ọ. Yí i."

Alálàá di ọwọ́ ìyí mú. Láti ilẹ̀ ni lọ́tẹ̀ yìí, ọgọ́rin ìyí, ó sì ka gbogbo rẹ̀ síta kí Bàbá lè gbọ́. Ní ogójì, apá ti ń ro ó. Ní ọgọ́ta, ó fẹ́ sunkún. Ó ti wá yé e pé agbára tí òun kò bá fi sí irin náà, kò sí ibi tí irin náà yóò ti rí i. Ó sì yé e pé fífi iṣẹ́ sílẹ̀ lágbedeméjì kò burú tó sísọ pé a ti parí rẹ̀, torí ẹni tó fẹ́ràn wa ló máa ń kọ́kọ́ gba irọ́ náà gbọ́.

"Ọgọ́rin," ó wí.

"Ó dé òkè?" Bàbá béèrè.

"Ẹ wá wò ó, Bàbá."

Bàbá fẹ́ ní kò pọn dandan. Ó tún inú rò, ó tiro dé ibi ògiri, ó gbójú sókè, ó sì wò ó dáadáa. Ìlà kẹjọ ni.