Igi Tíìkì Tó Dí Ọ̀nà Nẹ́tíwọ̀kì

Orí òkìtì ọ̀gán lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Ọjà-Ọ̀dàn ni Mẹ̀dínátù wà, ó na fóònù sókè bí ẹni tó fẹ́ fi ha ojú ọ̀run, nígbà tó rí ọkùnrin kan tó ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ológeere. Ọkùnrin náà di páálí sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ga débi pé lékèélékèé méjì jókòó sórí rẹ̀, wọ́n ń bá a rìnrìn àjò bọ̀ láti Ìlaròó.

Ó bẹ́ sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ikán lẹ ń kọ́ níwèé ni?"

"Ọmọ kan ní London ni," Mẹ̀dínátù dá a lóhùn láìwò ó. "Àwọn ikán kàn ń fetí kọ́ Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù ú lọ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Mẹ̀dínátù ò rí okun rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ìjọba ti ti bọ́dà ló ti rẹ̀ ẹ́. Òwò ìrẹsì rẹ̀ ti dúró, iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ní Yorùbá ló kù. Ọ̀gá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ pé bí ohùn rẹ̀ bá tún ń já, iṣẹ́ parí lóṣù yìí. Bó bá parí, Èkó ni bàbá rẹ̀ yóò rán an lọ, sọ́dọ̀ ìyá kan tí í mú ọmọ ọlọ́mọ ṣiṣẹ́ títí irun orí ọmọ náà yóò fi máa bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi.

Akínbọ̀wálé ni orúkọ ọkùnrin náà, ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń tà. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn nítorí bẹntiróò ti di góòlù lágbègbè bọ́dà.

"Okùn fáíbà ò tíì débí," ó ní. "Ráútà inú ilé ló kù, àti àwo orí òpó tí yóò kọjú sí òpó wa ní Ìlaròó. Ti sátẹ́láìtì náà wà, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ rà á ní láti ta bàbá rẹ̀."

"Ta ni yóò ra bàbá mi?"

Akínbọ̀wálé gbé fóònù ara rẹ̀ wọ pálọ̀, nẹ́tíwọ̀kì kún fọ́fọ́. "Ráútà ni kí ẹ rà, Àǹtí. Kò ní wàhálà."

Mẹ̀dínátù rà á. Lọ́jọ́ kejì, iná ráútà pọ́n bí ojú ẹni tó mu ẹmu mọ́jú, kò sì gbé gbólóhùn kan dé London. Akínbọ̀wálé padà wá, ó họrí títí orí fẹ́ẹ̀ ṣẹ́jẹ̀.

"Ẹ forí jì mí. Òpó Pòbẹ́ lódìkejì bọ́dà ni fóònù mi ń mú. Mo ti lò ó lọ́hùn-ún títí tó fi gbàgbé pé ọmọ Nàìjíríà ni òun. Òpó tiwa ni ráútà yín ń wá, tiwa ò sì lágbára níbí."

"Ìrẹsì ò gbọdọ̀ kọjá bọ́dà, nẹ́tíwọ̀kì ń kọjá," Mẹ̀dínátù ní. "Nẹ́tíwọ̀kì ló yẹ kí n ti máa tà."

Akínbọ̀wálé gba ráútà padà, ṣùgbọ́n kò yéé wá. Lọ́jọ́ kan ó bá Mẹ̀dínátù lórí ọ̀gán, tó ń fi apá kan gbé apá kejì ró. Ó gun òkè, ó gba fóònù náà, ó sì nà án sókè fún un fún odindi wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó gba nǹkan lọ́wọ́ Mẹ̀dínátù rí bí kò ṣe láti gbé e lọ. Ó wo ọrùn ọkùnrin náà tí òógùn ń ṣàn lára rẹ̀, ó gbàgbé lẹ́tà tó kàn lẹ́yìn d.

Nígbà tó yá, Akínbọ̀wálé gbé àwo àti òpó wá. Wọ́n rì í mọ́lẹ̀, wọ́n yí i, kò mú nǹkan kan. Igi tíìkì Bàbá Rájí, bàbá Mẹ̀dínátù, ló dúró gbagidi lọ́nà Ìlaròó.

"Ọjọ́ tí a sọ Mẹ̀dínátù lórúkọ ni mo gbìn ín," Bàbá Rájí ní. "Nílé wa, ọmọbìnrin kan, tíìkì kan. Òun la ó tà ra ẹrù ìyàwó. Ẹ̀ka apá ọ̀tún yẹn ni bẹ́ẹ̀dì. Ìdí rẹ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù. Gbé òpó rẹ ga sí i."

"Bàbá, òpó tó bá ga ju igi yìí lọ, àwọn aṣọ́bodè á ní à ń bá Pòbẹ́ sọ̀rọ̀. Oṣù sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí."

"Ọjà igi ti kú báyìí, bí a bá gé e, igi ìdáná ni. Ẹni tó bá sì ní kí n gé e, òun ni yóò fẹ́ Mẹ̀dínátù lọ́wọ́ òfo. N ò ní igi míì."

Akínbọ̀wálé wo bàtà ara rẹ̀. "Bàbá, n ò fẹ́ ẹrù kankan ju ẹni tó jókòó yìí lọ. Àmọ́ èmi kọ́ ló ni igi." Ó yíjú. "Mẹ̀dínátù, bí ẹ bá ní kó dúró, n ó máa bá yín na fóònù sókè títí wọn yóò fi ṣí bọ́dà, títí wọn yóò fi tún un tì."

Mẹ̀dínátù wo igi náà pẹ́. Ogún ọdún ó lé mẹ́rin ni wọ́n ti jọ ń dàgbà.

"Ẹ gé e, Bàbá."

"Ṣé nítorí iṣẹ́ ni, àbí nítorí rẹ̀?"

"Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá. N ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gé e. Nígbà tó wó, wọ́n ní gbogbo adìẹ ìlú Imasayi tó wà nítòsí ló yé ẹyin ọjọ́ kejì sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ London ka álífábẹ́ẹ̀tì tán, ohùn kankan ò já.

Lẹ́yìn kíláàsì, Mẹ̀dínátù jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Akínbọ̀wálé jókòó tì í.

"Ọjọ́ wo ni kí àwọn ara ilé mi wá, ààyò mi?"

"Sátidé. Kí wọ́n má tètè dé o, mo fẹ́ sùn."

Ó gbórí lé èjìká rẹ̀. Akínbọ̀wálé ń wí nǹkan kan lọ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó máa ṣíwájú wọn, àmọ́ oorun ti gbé Mẹ̀dínátù lọ. Bàbá Rájí yọjú, ó rí wọn, ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì yíjú sí kùkùté tíìkì náà.