Nọ́ńbà Màámi

"Ẹ fẹ́ ẹ tagbáratagbára, Màámi."

Ìdíátù ki ike àfẹ́sí tí wọ́n fi ń wọn agbára èémí bọnu, ó fẹ́ ẹ. Atọ́ka pupa ara rẹ̀ sún díẹ̀, ó dúró. Èémí obìnrin náà kò tíì balẹ̀ tó fi ń béèrè pé, "Ṣé mo páàsì?"

Qonitah wò ó: òjìlúgba. Irinwó ló ń jẹ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí máàkì kékeré máa ń bà lọ́kàn jẹ́ ni Qonitah ní iléèwé, báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó féèlì?

"Ẹ páàsì, jàre," ló wí, ó sì kọ irinwó sínú ìwé.

Ike àti náílọ́ọ̀nù ni Ìdíátù ń ṣà lórí ààtàn ní Ìgàndó. Àwọn olùwádìí láti ilé ìwòsàn kan ló fẹ́ mọ ohun tí èéfín ààtàn ń ṣe sí ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n pín ike àfẹ́sí fún wọn láti máa fẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìdíátù kò mọ̀wé, nítorí náà ọmọ rẹ̀ ló ń kọ ọ́, tó sì ń ya àwòrán ìwé náà ránṣẹ́ sí Nọ́ọ̀sì Agnes. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀ ni wọ́n máa ń tètè pè wá rí dókítà. Ẹnikẹ́ni kò pe Ìdíátù.

Ẹ má tíì bá ọmọ náà wí. Ìfẹ́ ló ń ṣe é, ó kàn gbà á sódì ni.

Ní ọjọ́bọ̀ kan, Ìdíátù jókòó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó gbé àpò ike rẹ̀ dé títì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn náà. Qonitah sáré débẹ̀ tòun ti aṣọ iléèwé lọ́rùn, ìwé nọ́ńbà náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Agnes wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ní kó fẹ́ ike. Igba géérégé. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ Qonitah, ó ṣí i.

"Irinwó láàárọ̀ yìí, igba nísinsìnyí. Dókítà, á jẹ́ pé òjijì ló dé bá wọn."

Qonitah lè dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó wo bí èjìká ìyá rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò.

"Kì í ṣe òjijì, mà," ló wí. "Irọ́ ni mo kọ. Ó ti tó ọjọ́ mọ́kànlá. Mi ò fẹ́ kí wọ́n féèlì ni."

Agnes fà á mọ́ra. "Nọ́ńbà yìí kì í ṣe máàkì, ọmọ mi. Ẹ̀dọ̀fóró ìyá ẹ ló ń ké sí wa, o sì dí i lẹ́nu."

Wọn kì í pa nǹkan rẹ́ nínú ìwé ìwádìí, wọn kì í sì í fà á ya. Ìlà kan ṣoṣo ni Qonitah fà sórí irọ́ kọ̀ọ̀kan, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìgbà méjìlélógún.

"Ṣé kí n kọ èyí tó tọ́ síbẹ̀, mà?"

"Ṣé o rántí wọn?"

Méjì péré ló rántí. Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí àwọn tó kù.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n délé pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu, Ìdíátù fẹ́ ike rẹ̀. "Ṣé mo páàsì?"

Qonitah wo atọ́ka pupa náà. "Igba ó lé mẹ́wàá ni, Màámi. Ó ṣì kéré."

Ìyá rẹ̀ sún ìwé náà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n lè mọ ibi tó ti ń dùn mí."

Qonitah kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti wá yé e pé irọ́ tí a fi ń tu ẹni tí a fẹ́ràn nínú lè dínà ìwòsàn mọ́ ọn, àti pé òtítọ́, bó ti wù kó kéré tó, ni dókítà lè fi ṣiṣẹ́.